Alẹ́ Méje: Bí Adìẹ Tuntun Ṣe Ń Mọ Ilé Rẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ra adìẹ mẹ́ta wá sílé wa ní Ọbańtokò l’Abẹ́òkúta, mo ṣe bí ẹni gbàlejò pàtàkì. Ọ̀sán gangan ni mo kó wọn dé. Mo tú okùn ẹsẹ̀ wọn, mo fọ́n àgbàdo sílẹ̀, mo ní kí wọ́n máa jẹ̀ káàkiri kí ara tù wọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀kan ti wà lórí máńgòrò aládùúgbò, èkejì ti há sábẹ́ ọkọ̀ àlòkù kan tí kò ní táyà, ẹ̀kẹta la ò fojú rí mọ́ títí dòní. Ilé tí mo fún kàfíńtà lówó kọ́ fún wọn wà níbẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn gbayawu, ìkankan nínú wọn ò yọjú sí i.

Ojú mi là lọ́jọ́ náà. Adìẹ lè jẹ̀ dé ibikíbi lọ́sàn-án; ibi tó bá wọ̀ sí lálẹ́ nilé rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń kú lọ, ibi tó sùn lánàá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gbé e lọ, ìbáà jẹ́ ààfin, ìbáà jẹ́ orí igi. Nítorí náà, alẹ́ la fi ń kọ́ adìẹ tuntun, a kì í fi ọ̀sán kọ́ ọ.

Ẹni tó fẹ́ sin adìẹ mẹ́ta sí mẹ́fà sẹ́yìnkùlé ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó fẹ́ máa rí ẹyin jẹ, tó sì fẹ́ràn àtimáa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ walẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sin ẹgbẹ̀rún fún ọjà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn máa bi yín pé ọjọ́ wo lẹ máa pa wọ́n. Ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

1. Ilé ló ń ṣáájú

Ó dà bí ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ká máa sọ fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó kó adìẹ sínú fìríìjì tó ti bàjẹ́, tó ní kàfíńtà máa dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Adìẹ tó bá sun inú fìríìjì fún alẹ́ mẹ́fà ti gbà pé fìríìjì nilé òun. Bí ẹ bá wá kọ́ ilé gidi tán, ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ni.

Fún adìẹ mẹ́rin, ilé tó fẹ̀ ní fíìtì 4, tó sì gùn ní fíìtì 4, tó wọn, bí wọ́n bá máa ń jáde lọ́sàn-án. Ohun tó ṣe kókó jù nínú rẹ̀ ni igi tí wọ́n máa wọ̀ sí. Ẹ sọ fún kàfíńtà pé kó lo pákó tí wọ́n ń pè ní tú-bàì-tírì, kó dà á dùbúlẹ̀ kí ojú tó fẹ̀ wà lókè, kó sì fi sáńpépà pa etí rẹ̀. Gíga fíìtì 2 dáa. Kí adìẹ kọ̀ọ̀kan rí àyè tó ínǹṣì 10 lórí rẹ̀. Ẹ má lo páìpù irin, ó ń yọ̀, ó sì ń tutù rinrin nígbà ọyẹ́. Kí wọ́n kan igi náà mọ́lẹ̀ dáadáa kó má máa mì. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: ẹni tó ti dúró wo adìẹ lórí ohun tó ń mì ló pa òwe yẹn.

Ìtẹ́ ẹyin kan tó fún adìẹ mẹ́rin. Ike ọ̀dà lítà 20 tí ẹ dà dùbúlẹ̀, tí ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sínú rẹ̀, ti tó. Ẹ ṣáà rí i pé ìtẹ́ náà rẹlẹ̀ ju igi ìwọ̀sí lọ. Ibi tó bá ga jù ni adìẹ máa ń wá lálẹ́. Bí ìtẹ́ bá ga ju igi lọ, inú ìtẹ́ ni wọ́n máa sùn, wọ́n á yàgbẹ́ síbẹ̀, ẹyin yín á máa jáde pẹ̀lú ìdọ̀tí lára. Ẹ tẹ́ èérún pákó láti ilé ìlagi sílẹ̀, kó nípọn tó ínǹṣì 3 tàbí 4. Kó jẹ́ gbígbẹ.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà láàárín àpáta, ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ní Abẹ́òkúta, ẹ ṣọ́ra níbí. Òkúta tí oòrùn pa látàárọ̀ kì í tètè tutù. Lóṣù kejì àti oṣù kẹta, ẹ gbọ́wọ́ lé àpáta ẹ̀yìnkùlé yín ní aago mẹ́jọ alẹ́ kẹ́ ẹ wò ó. Ilé adìẹ tó bá fara ti irú àpáta bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tún fi páànù bò láìsí igi tó ṣíji bò ó, ààrò ni. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òwe náà dùn, àmọ́ ní ti ara adìẹ gan-an, kì í làágùn rárá. Ẹnu tó ń yà sílẹ̀ tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìyẹ́ apá tó ń nà kúrò lára, irú nǹkan wọ̀nyí ló fi ń lé ooru. Ìdí nìyẹn tí ibòji àti afẹ́fẹ́ fi ṣe pàtàkì ju ògiri tó rẹwà lọ. Àpáta ní oore tiẹ̀ náà ṣá: bí ẹ bá gbé ilé náà ka orí òkúta tó wà níbòòji, òkété ò lè gbẹ́ ihò wọlé lábẹ́.

Òkété, ejò, ológbò aládùúgbò, gbogbo wọn la mọ̀, wáyà tí ojú rẹ̀ kéré ló ń dá wọn dúró. Èyí tí èèyàn kì í rántí ni ìjàlọ. Wọ́n máa ń rìn lóru, pàápàá lẹ́yìn òjò, adìẹ tí wọ́n bá sì bá nínú ilé tí a tì pa kò ní ibi tó máa sá lọ. Bí ilé náà bá ní ẹsẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ agolo, kẹ́ ẹ bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò sínú agolo náà. Bí kò bá ní ẹsẹ̀, ẹ da eérú yí i ká, kẹ́ ẹ sì tún un dà lẹ́yìn òjò.

2. Rírà àti gbígbé wálé

Ẹ má ra ẹyọ kan. Adìẹ kan ṣoṣo kì í balẹ̀. Ẹ ra méjì ó kéré tán, mẹ́ta ló dáa, kí gbogbo wọn sì ti inú àgò kan náà jáde, kí wọ́n ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀.

Ní ọjà Kútọ̀ tàbí ti Lafenwá, adìẹ ìbílẹ̀ lẹ máa rí jù. Àwọn yẹn gbọ́n, wọ́n mọ igi í gùn, ẹsẹ̀ wọn yá, ìyẹn náà ló sì ń jẹ́ kí wọ́n tètè sá lọ. FUNAAB Alpha, tí wọ́n mú jáde ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà nípa pípa adìẹ ilẹ̀ wa pọ̀ mọ́ ti òkè òkun, rọ̀ díẹ̀ ju ìbílẹ̀ lọ, Noiler, tó jẹ́ irú adìẹ mìíràn, náà sì rọ̀. Àwọn tó máa ń yani lẹ́nu ni léyà (adìẹ tí wọ́n ń sìn nítorí ẹyin) àgbà tí àwọn ilé ọ̀sìn ńlá ń tà ní ẹ̀dínwó nígbà tí ẹyin wọn bá ń dínkù. Inú kéèjì wáyà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà. Wọn ò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rí, wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ igi. Bí ẹ bá ra irú wọn, ẹ fi sùúrù ọ̀sẹ̀ kan kún ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀.

Ẹ wo ojú adìẹ kó mọ́lẹ̀, kí imú rẹ̀ má ṣomi, kí ìdí rẹ̀ má ní ìgbẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fọwọ́ kan egungun àyà rẹ̀: bó bá mú bí ọ̀bẹ, ó rù. Ẹ ṣí ìyẹ́ abẹ́ apá wò bóyá kòkòrò iná wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ bi aládìẹ léèrè ohun tó ń fún wọn jẹ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ti gbà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bu oúnjẹ náà díẹ̀ fún yín. Ìyá kan ní Kútọ̀ fi mí ṣẹ̀sín lórí ọ̀rọ̀ yìí: “Ẹ̀yin lẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni àbí adìẹ?” Ó bù ú fún mi ṣá.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ rà wọ́n, kì í ṣe òwúrọ̀. Ẹ kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ tàbí páálí tí ẹ dá lu. Ẹ má kó wọn sí bútù ọkọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́kadà so wọ́n kọ́ sókè ní ìdoríkodò. Adìẹ tó bá doríkodò kì í lè mí dáadáa, nítorí pé inú rẹ̀ á ti tẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àwọn kan ti kú kí wọ́n tó dé Àsẹ̀rò.

3. Alẹ́ àkọ́kọ́

Omi ló ń ṣáájú oúnjẹ. Bí ẹ bá ti dé, ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ ki ẹnu wọn bọ omi tútù lẹ́ẹ̀kan péré kí wọ́n lè mọ ibi tí omi wà. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ lè po glúkóòsì díẹ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ yẹn nìkan. Ẹ gbé oúnjẹ sílẹ̀ díẹ̀. Bí wọn ò bá jẹ ẹ́, ẹ má bínú.

Ẹ wá dúró de òkùnkùn. Lọ́dọ̀ wa níbí, oòrùn ń wọ̀ láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje kọjá díẹ̀, ìyàtọ̀ àárín ọdún kò tó nǹkan. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tán, ẹ tan iná fóònù yín sílẹ̀, ẹ má tàn án sójú wọn. Adìẹ kì í ríran lókùnkùn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló sì ń bá wọn níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di apá mọ́ ọn lára, ẹ gbé e lọ síbi igi, kẹ́ ẹ jẹ́ kí igi náà kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ má tètè fi í sílẹ̀, ẹ dúró títí tí ẹ ó fi rí i pé ó ti ká ìka ẹsẹ̀ mọ́ igi, tó ti rẹlẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé èkejì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ara wọn kan ara. Bí ọ̀kan bá jábọ́, ẹ tún gbé e. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ wọlé lọ sùn. Ẹ má padà wá yọjú wò wọ́n ní aago mẹ́wàá pẹ̀lú àwọn ọmọ àti iná.

4. Ilẹ̀kùn títì fún ọjọ́ méje

Èyí ló ṣòro jù, torí àánú. Adìẹ á máa rìn lọ rìn bọ̀ nídìí wáyà, á máa wò yín, àwọn ọmọ á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ má tú u sílẹ̀. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ sórí ààtàn lọ jẹ̀.

Ìyá mi àgbà kò ní ilé adìẹ. Ohun tó máa ń ṣe ni pé kó fi okùn so adìẹ tuntun mọ́ ẹsẹ̀ òpó ilé ìdáná fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kó sì fi àkísà pélébé sí i lápá kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Okùn yẹn ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ojú kan náà ni adìẹ ń sùn lójoojúmọ́. Àmọ́ okùn a máa gé adìẹ lẹ́sẹ̀, ajá tàbí ejò tó bá sì dé, òkú lẹ máa bá lójú okùn. Ilé tí a tì fún ọjọ́ méje ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìdá egbò sí adìẹ lẹ́sẹ̀. Àkísà ni mi ò tíì fi sílẹ̀. Adìẹ mi pupa ní àkísà àdìrẹ lápá. Wọ́n ń pè é ní Ìtòkú, orúkọ ọjà àdìrẹ l’Abẹ́òkúta, nítorí rẹ̀.

Láàárín ọjọ́ méje yẹn, oúnjẹ àti omi máa wà nínú ilé. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, oúnjẹ aládìẹ nìkan ni kẹ́ ẹ fún wọn. Láti ọjọ́ kẹta, ẹ máa po tiyín mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí tí tiyín á fi kún un tán. Oúnjẹ tó yí padà lójijì máa ń dà wọ́n nínú rú, ìgbẹ́ wọn á sì máa ṣàn, ẹ̀yin á rò pé àìsàn ni. Léyà tó ti ń yé ẹyin ń jẹ tó gíráàmù 110 sí 120 lóòjọ́. Adìẹ ìbílẹ̀ kò jẹ tó bẹ́ẹ̀. Omi wọn lè tó ìdajì lítà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà ooru, nítorí náà ẹ má gbé abọ́ kékeré kan síwájú adìẹ mẹ́rin kẹ́ ẹ lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹ fọ ìkarawun ìgbín, ẹ sá a gbẹ, ẹ rún un sínú abọ́ ọ̀tọ̀. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú, torí adìẹ ò léyín, inú iwe rẹ̀ ló ti ń lọ oúnjẹ.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fún wọn lóúnjẹ, ẹ kó ọkà bàbà díẹ̀ sínú agolo mílíìkì, kẹ́ ẹ mì ín kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Títí ọjọ́ karùn-ún, ìró agolo yẹn nìkan á ti tó láti mú wọn sáré wá. Ìwúlò rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹjọ.

Lálaalẹ́, ẹ lọ wo ẹni tó wọ̀ síbi tó yẹ. Ẹni tó bá sùn sílẹ̀ tàbí sínú ìtẹ́, ẹ gbé e sórí igi. Ní alẹ́ kẹta tàbí ìkẹrin, adìẹ ìbílẹ̀ á ti máa gùn ún fúnra rẹ̀. Léyà inú kéèjì lè tó alẹ́ mẹ́wàá. Ọ̀kan wà tí mo gbé fún alẹ́ mẹ́rìnlá gbáko, a ti wá di ọ̀rẹ́ tipátipá.

5. Ọjọ́ kẹjọ

Ẹ má ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Ẹ dúró di bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ má tíì fún wọn lóúnjẹ ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn, kẹ́ ẹ jókòó. Wọ́n á jáde, wọ́n á walẹ̀ díẹ̀ nítòsí. Kí wákàtí kan tó pé, ilẹ̀ á máa ṣú, ebi á máa pa wọ́n. Ẹ mi agolo. Ẹ da oúnjẹ sínú ilé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wọlé. Ẹ má lé wọn rárá. Adìẹ tí wọ́n lé wọlé lónìí á bẹ̀rù ilé náà lọ́la.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ ṣí i ní wákàtí méjì ṣáájú àṣálẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi kún un. Bí wọ́n bá ti ń yé ẹyin, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú ilé títí di bí aago mọ́kànlá àárọ̀, nítorí òwúrọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yé, ẹ ò sì ní fẹ́ máa wá ẹyin kiri abẹ́ ewé kókò.

6. Bí ẹ bá ti ní adìẹ mìíràn nílé

Ẹ má kó wọn pọ̀. Ẹ fi tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, níbi tí àwọn àgbà ilé ò ti lè bá wọn mu omi kan. Àwọn àgbà ilé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó lọ bá tuntun. Ẹ fọwọ́, ẹ sì pààrọ̀ bàtà. Lúkúlúkú, àrùn adìẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, ni mò ń bẹ̀rù. Adìẹ lè gbé e wá láti ọjà láìfi àmì kankan hàn lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ọyẹ́ ló sì máa ń jà jù. Ọrùn tó ń lọ́, ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, èémí tó ń ṣòro: bí ẹ bá rí i, ó ti bọ́, kò ní oògùn. Àjẹsára nìkan ló ń dènà rẹ̀. Ilé ìwádìí nípa àrùn ẹran tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ara wọn balẹ̀ ná kí dókítà ẹran tó fún wọn. Bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi, omi kànga ni kẹ́ ẹ lò, nítorí kọ́lórínì inú omi ẹ̀rọ máa ń pa á.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, ẹ fi wáyà sáàárín wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa rí ara wọn láìfọwọ́ kan ara. Lẹ́yìn náà, òru ni kẹ́ ẹ gbé tuntun sórí igi láàárín àwọn àgbà. Lówùúrọ̀, ìjà máa wà. Àwọn àgbà máa ṣá wọn lórí, wọ́n á lé wọn kúrò nídìí oúnjẹ, torí ipò ni wọ́n ń dù. Ẹ gbé abọ́ oúnjẹ méjì sí ibi tó jìnnà síra, kẹ́ ẹ mójú kúrò. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ yọ ẹni tó fara pa kíá, nítorí pé bí wọ́n bá ti rí pupa, wọn ò ní dáwọ́ ṣíṣá dúró.

7. Ẹyin tí kò tíì wá

Aládìẹ sọ pé ó ń yé ẹyin, ẹ gbé e délé, ọjọ́ kẹwàá ti pé, kò sí nǹkan. Ẹ má lọ bá a jà. Ìrìn àti ilé tuntun máa ń dá ẹyin dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, àwọn mìíràn á tiẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́yẹ́. Ẹ wá òkúta róbótó dídán tó tó ẹyin, ẹ gbé e sínú ìtẹ́. Adìẹ tó bá rí i á gbà pé ẹlòmíràn ti yé síbẹ̀ láyọ̀, òun náà á jókòó.

Ohun tí kì í ṣe ti ilé tuntun mọ́ nìwọ̀nyí: kó di ọjọ́ kẹta kó má tíì jẹun, kó wúyẹ́ kó sì dijú nínú ooru ọ̀sán, kó máa sín, kí ojú rẹ̀ wú, kí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran; ilé ìwòsàn ẹran wà ní yunifásítì tó wà ní Alábàtà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má da tẹtirasáíkíìnì sínú omi wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dé nítorí pé ẹnì kan ní ó ń “fọ inú wọn.” Oògùn yẹn ń wọnú ẹyin, ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ sì máa jẹ ẹ́.

8. Bí ọ̀kan bá lọ sùn sílé onílé

Ó lè ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yín. Ẹ má lé e kiri àdúgbò lójú mọmọ, ẹ ò ní mú un, ẹ ó kàn kọ́ ọ láti máa sá fún yín. Ẹ wo igi tó gùn, ẹ padà sílé, ẹ jẹun. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn onílé náà, ẹ tọrọ gáfárà kẹ́ ẹ tó gbé àkàbà wọ ọgbà rẹ̀. Adìẹ tó wà lórí igi lókùnkùn kò ní mira, ẹ ó kàn fọwọ́ mú un bí ẹni já èso ni. Ẹ gbé e padà sórí igi tiẹ̀, kẹ́ ẹ tún tì í mọ́lé fún alẹ́ mẹ́ta. Ní tèmi, aládùúgbò tó ni máńgòrò náà ti bá mi di àkàbà mú lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹyin mẹ́fà àkọ́kọ́ tí Ìtòkú yé, ilé rẹ̀ ni mo gbé wọn lọ.